Wọ́n Sún Bàtà Kóòṣì

Bọ́ọ̀lù kì í dédé rìn. Bàtà náà kì í dédé rìn. Ohun tí Fauziyyah, kóòṣì àwọn ọmọbìnrin Jeddah, ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tó kírun Màgáríbì tán, tó padà sórí pápá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan, tó sì rí èkejì níbi tí òun kò fi í sí.

Kí ìpè ìrun tó dún, àwọn ọmọbìnrin Jeddah ti gba fírí-kíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àárín pápá. Àwọn ọmọ Mecca ti fi góòlù kan jù wọ́n lọ, eré tí wọ́n fẹ́ fi gba ife sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Raheem tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn ní Mecca ni rẹfirí. Ó fọn fèrè, ó ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn lọ kírun. Fauziyyah bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù láti sàmì sí ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù nígbà ìrun, torí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ.

Ní báyìí, bọ́ọ̀lù àti bàtà ti jọ wà níwájú ilé Mecca gan-an, níbi tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè ti gbá a wọlé.

Raheem họ orí. "Ṣé ibí la fi í sí?"

"Ibẹ̀ náà ni," Àlàájì Abdussamad dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. "Fọn fèrè rẹ jàre, ilẹ̀ ti ṣú." Ẹnjiníà ni Àlàájì, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ eré ìdárayá àwọn ọmọ Yorùbá ní Jeddah. Òun ló so aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ mọ́ ara ògiri pápá, tó kọ ọ́ sí i pé: ERÉ ÌDÁRAYÁ Ń KỌ́ ỌMỌ NÍ ÌWÀ.

Ni ohùn kan bá dún lẹ́yìn. "Wallahi, ana shuftu." Duaa ni, ọ̀gá àwọn ọmọ Jeddah nínú eré. Ó yí i sí Yorùbá kó lè yé àwọn àgbà: "Mo rí wọn. Àlàájì fúnra wọn ni wọ́n gbé e wá síbí."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa wà lórí ìrun. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà tí o fi ń wo bọ́ọ̀lù? O ò kírun ni? Ó yá, sọ fún wa, kí ló dé tí o ò kírun?"

Àwọn bàbá yíjú sí ọmọ náà, Duaa sì sorí kọ́. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fi lè jókòó sẹ́yìn nígbà ìrun. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń ṣe, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sì yọ̀ǹda kó jókòó. Àlàájì náà mọ̀. Ọmọbìnrin ló kún ilé rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa, torí ẹ̀ gan-an ló ṣe bi í níwájú àwọn ọkùnrin.

Inú bí Fauziyyah débi pé etí rẹ̀ ń hó. Nígbà tí Duaa kọ́kọ́ wá láti àdúgbò Ghulail, kò lè la ẹnu pe bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ló máa ń nà, bí ẹni tó ń tọrọ omi. Lójoojúmọ́ tí Fauziyyah bá ti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, ó máa ń pariwo mọ́ ọn lórí pápá: "Ṣé oúnjẹ nìkan ni ẹnu rẹ wà fún ni? Pè é! Kí wọ́n gbọ́ ọ dé àdúgbò Al-Ruwais lọ́hùn-ún!" Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ọmọ náà jáde. Ọkùnrin yìí, oníwàásù ìwà, ló wá fẹ́ tì í padà sí i lọ́fun. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

"Àlàájì, ẹ má bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè yẹn mọ́," ó ní. "Èmi ni kí ẹ dá lóhùn. Ẹ̀yìn ni àwa obìnrin máa ń dúró sí. Nígbà tí lèmámù ní ká to ìlà sáfù wa, kí a tó kábárà wọ ìrun, ẹ̀yìn gbogbo ọkùnrin ni mo rí. Mi ò rí tiyín. Ẹ̀gbẹ́ ta lẹ wà?"

Àlàájì wo àwọn ọkùnrin. Ọ̀kan ń wo aago. Òmíràn bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀gbẹ́ òun ni.

"Ṣé torí tèmi ni mo ṣe ṣe é?" ó jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ gba ife ni? Ó dáa. Kí ọmọ yìí kúnlẹ̀ báyìí, kó tọrọ àforíjì pé òun fi ẹnu àbùkù kan àgbà. Bí kò bá kúnlẹ̀, kò ní bá wa gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀yin náà, Kóòṣì, ẹ ó sì kó kọ́kọ́rọ́ pápá fún mi."

Orúnkún Duaa ti ń tẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, àgbà ló sì ní kó kúnlẹ̀. Fauziyyah gbá a lápá mú.

"Dìde. Gbé bàtà mi padà síbi tó wà."

Duaa wo Kóòṣì, ó wo Àlàájì. Ó mọ ohun tí bàtà yẹn máa gbà lọ́wọ́ òun àti Kóòṣì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ki bọ́ọ̀lù mọ́ abíyá, ó sì rìn padà dé ìlà àárín pápá. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀.

"Ibí ni!" ó pariwo.

Ojú ti Raheem. Ó lọ bá a níbẹ̀, ó fọn fèrè. Duaa gbá bọ́ọ̀lù náà, aṣọ́lé Mecca sì gbá a mú wẹ́rẹ́. Bí Jeddah ṣe pàdánù ife nìyẹn.

Fauziyyah fi kọ́kọ́rọ́ lé Àlàájì lọ́wọ́. Inú ṣì ń bí i, inú á sì máa bí i lọ́la. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tibí wà lọ́jà, òun gan-an ló ń wọ́ ọ.

Àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, Àlàájì tún rẹ́rìn-ín, ó dúró sábẹ́ aṣọ tó kọ̀wé sí, ó ń juwọ́. "Ẹ̀yin ọmọ Jeddah, ẹ wá ká ya fọ́tò!"

Duaa ti dé ẹnu géètì, àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà.

"A ò wá o!"

Wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Fauziyyah ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀. Kò bá ọmọ náà wí.