Ojú Kejì Ẹ̀gbọ́n

Èmi ni mo gé ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, torí ọkọ mi ní tirẹ̀ kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láéláé.

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí mi, ìyẹn ni pé mò ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Aṣọ ni èmi ń rán. Yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́: tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tèmi wà láàárín, ó sì mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ti gorí tábìlì mi, ti sísọ́ọ̀sì ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ọjọ́ ogbó ni bàbá wọn bí i, ó sì kú kí ọmọ náà tó mọ ìrìn. Ìyá wọn kò pẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ẹ̀gbọ́n nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n gbé e pọ̀n, tí wọ́n ń wá oúnjẹ fún un, títí ó fi di géńdé. Fọ́tò bàbá wọn, ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí. Ọkọ mi kò mọ bí bàbá tó bí i ṣe rí, kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ibi tí Ẹ̀gbọ́n ń gbé jìnnà, àfi kéèyàn wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn, láti ìgbà náà sì ni nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú Ẹ̀gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí dókítà ní òun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n pe ọkọ mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì bá tú bándéèjì yìí, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Ọkọ mi ní òun á wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í yẹ àdéhùn. Bó bá ní kí o wá gba aago rẹ ní aago mẹ́rin, má dé ní mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ṣáájú la ti dé pápákọ̀ òfúrufú. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ gbéra (aago ọkọ mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀, kì í parọ́) ni wọ́n kéde pé ọkọ̀ kò lọ mọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà fún wa ní ìwé kan, ó lu òǹtẹ̀ sí i: awakọ̀ kò wá síṣẹ́. Ọkọ̀ mìíràn di ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì máa tú bándéèjì. Mo bínú títí ohùn mi fi há. Ọkọ mi kàn ń yí aago ọwọ́ rẹ̀ po, a sì padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n kò bínú nígbà tí wọ́n pè wá lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì tú u. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ rí. Ọmọ náà rẹwà o, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo pọ̀n." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ojú méjì kúkú ni Ọlọ́run fún mi. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ òní kí wọ́n tó tú èkejì. Ìyẹn ni tìrẹ."

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà dá owó tíkẹ́ẹ̀tì wa padà, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ àsìkò ìsinmi ló ń bọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ti di ìlọ́po méjì, ọwọ́ wa kò sì ká ìyókù. Oníbàárà ọkọ mi kan ló sọ fún un pé òfin wà, pé bí wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò nígbà tí èrò ti múra tán, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú. Mo ní ta ló máa bẹ irú wa pé ká má bínú. Ọkọ mi ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó jókòó ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó náà bó ṣe ń jókòó ti aago, kò fo ìlà kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ló burú, àwọn kì í sì í san gbà-má-bínú nítorí ojú ọjọ́. Ọkọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Irọ́ ni. Ìwé wọn wà lọ́wọ́ wa, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyàwó, bá mi mú un wá. Orí tábìlì rẹ ni mo gbé e sí."

Ìwé líle tó dáa ni ìwé yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí a padà dé gan-an ni mo ti fi ìwé náà gé àpẹẹrẹ kọ́là, mo fi pínnì kàn án mọ́ aṣọ, mo sì gé aṣọ tẹ̀ lé e. Aṣọ ta ni? Aṣọ Ẹ̀gbọ́n ni, gáùn aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fi tù wọ́n nínú. Ìyókù ìwé ti wọ àpò ìrépé.

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Dípò kí n bẹ̀bẹ̀, ariwo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa. "Ta ló ní kó o gbé e sórí tábìlì mi? Ọdún márùndínlógójì lo ti ń rí mi tí mò ń gé nǹkan níbẹ̀. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ lo wá gbé sẹ́nu sísọ́ọ̀sì, o wá ń bi mí pé ó dà." Mo sọ ọ́ títí n kò fi rí ohun tí mo tún lè sọ.

Ó gbé èsì náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Òótọ́ ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ká ní ó bú mi padà ni, à bá jọ máa jà, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Mo jókòó, mo sunkún. Mo ní kó dárí jì mí, pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gé ọ̀nà tó fẹ́ gbà rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n nu ojú mi, kí n lọ gbé àpò ìrépé wá.

A da àpò náà sílẹ̀, ìrépé oṣù mẹ́ta. Èmi àti òun tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún kúnlẹ̀ sáàárín rẹ̀, à ń ṣà á bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo. Àpẹẹrẹ kọ́là wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ihò pínnì yí i ká. A rí ìrépé mẹ́rin kún un. Ọkọ mi fi awò tó fi ń wo inú aago sójú, ó fi ẹ̀mú kékeré rẹ̀ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí páálí, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Odindi ọjọ́ méjì ló gbà á. "Awakọ̀" wà lára kọ́là, "kò wá síṣẹ́" wà lára ìrépé, òǹtẹ̀ sì pín sí méjì. Igun kan ṣoṣo ni a ò rí títí dòní.

A ya fọ́tò rẹ̀, a fi ránṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ tèmi sí i, ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fura sí ìwé yìí. Aránṣọ ni mí, mo ti fi gé kọ́là. Bó bá ń ṣe yín bí irọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé aṣọ náà wá, kí ẹ gbé ìwé náà lé kọ́là wò."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin kan pè láti iléeṣẹ́ náà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kọ́là ta ni?" Mo sọ fún un. Mo sọ ti pípọ̀n, mo sọ ti bándéèjì, mo sọ ti nọ́ọ̀sì tó rẹwà. Ó ní àwọn ti yẹ ìwé tiwọn wò, awakọ̀ ni lóòótọ́, owó náà á wọlé láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mà. Ẹni tó to ìwé yẹn ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Mo yíjú, ọkọ mi ń fi aṣọ nu gíláàsì aago kan bí ẹni tí kò gbọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó fẹ́ mi lọ.

Láti pápákọ̀ òfúrufú, ilé ìwòsàn la gbà lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wọ gáùn aláwọ̀ ewé tí mo ti fi ránṣẹ́, kọ́là náà sì jókòó dáadáa. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn wa lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ kúkú lè fi ìyẹn rí wọn."

"Rárá," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ìyẹn ti rí tirẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tú bándéèjì. Ọkọ mi jókòó níwájú wọn, ó di ọwọ́ wọn kan mú. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n wá ń wò ó. Mo rò pé wọ́n máa fi irun rẹ̀ tó ti funfun ṣe yẹ̀yẹ́, torí aláwàdà ni wọ́n. Wọ́n kò ṣe é. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lójú àkọ́kọ́, wọ́n fi kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan imú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ojú bàbá wa rèé. Bí wọ́n ṣe rí gan-an nìyí. O ti ń gbé wọn kiri, o ò mọ̀."

Ọkọ mi dìde, ó lọ dúró síwájú dígí tó wà lókè ibi ìfọwọ́, ó ń fi ìka tọ imú ara rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀, kò sì wo aago. Nọ́ọ̀sì rọra sọ fún mi pé àsìkò ti tó kí a jáde.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Bàbá rẹ̀ ló ń wò."