Ọjọ́ tí Oòrùn àti Òṣùpá Pàdé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe ń rí, kó wá bi èmi Ràbíátù. Ọkọ mi Yésúfù, tó ń ta aṣọ òfì ní Òjé, àti àbúrò rẹ̀ Hezekiah, tó jẹ́ tísà, inú agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Lọ́jọ́ tí àbúrò ṣe ìrìbọmi ni ẹ̀gbọ́n po amọ̀, tó sì fi dí ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ tiwa ni ìyá wọn, Àtọ́kẹ́, wà. Bí Hezekiah bá gba ìta yí wá kí i, Yésúfù á dìde, á jáde. Ìyá ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ohun kan ṣoṣo ló sì ń tọrọ: kí òun rí àwọn méjèèjì kí wọ́n jọ jókòó ti òun kí òun tó kú. Mo bẹ̀ wọ́n títí ó sú mi. Olóríkunkun ni wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé Ìyá jókòó sábẹ́ igi odán, mo ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìkúukùu, síbẹ̀ ilẹ̀ ń ṣú. Mo wolẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ewé kọjá ti di oṣù tuntun, kéékèèké, lọ́pọ̀ yanturu, lórí ilẹ̀, nínú atẹ mi, lára aṣọ Ìyá. Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Àwọn adìyẹ ń wọlé lọ sùn.

Ariwo sọ káàkiri ìgboro. Láti Bẹẹrẹ dé Òkè Màpó, wọ́n ń lu odó, wọ́n ń lu abọ́, wọ́n ń bẹ oòrùn àti òṣùpá tó ń jà. Ìyá náà gba ọmọrí ìkòkò, ó ń lù ú.

"Ẹ má jà mọ́! Ẹ dákun, ọmọ ìyá ni yín!"

Báyìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sáré wọlé wá wò ó, ọ̀kan láti ọjà, ìkejì láti ilé ẹ̀kọ́. Pẹ̀lú bí ojú ọ̀run ṣe rí yẹn, Yésúfù ò rántí láti dìde jáde.

"Ìyá, wọn ò jà," ni Hezekiah wí. "Bí Ọlọ́run ṣe ṣètò wọn nìyẹn."

"Òótọ́ ló sọ," ni Yésúfù dáhùn. "Àwọn àlùfáà wa náà sọ bẹ́ẹ̀."

Atẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí wá ni wọ́n ń ṣe?" Ìyá béèrè.

"Wọ́n pàdé ni," ni Hezekiah wí.

"Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà odò tí mi ò mọ orúkọ wọn."

"Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n dàpọ̀," ni Yésúfù wí.

"Iyọ̀ tó bá ti dàpọ̀ mọ́ ọbẹ̀, ṣé ẹ lè ṣà á jáde?"

"Wọ́n kóra jọ ńkọ́?" ni Hezekiah wí.

"Èrò Ọjà'ba náà ń kóra jọ. Tó bá dalẹ́, kálukú á gbalé rẹ̀ lọ."

"Wọ́n so pọ̀ ni, Ìyá," ni Yésúfù wí.

"Ewúrẹ́ là ń so pọ̀, wọ́n á sì máa fa ara wọn."

Wọ́n ti jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún rẹ̀, ọ̀kan lósì, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ń já àlọ́. Àwọn oṣù ilẹ̀ wá ń sanra díẹ̀díẹ̀, wọ́n padà rí roboto. Àkùkọ kọ. Ìyá gbójú sókè.

"Oòrùn ò di òṣùpá," ló wí. "Òṣùpá ò di oòrùn. Ọ̀kan ò sì pa ìkejì. Ìrẹ́pọ̀ là ń pè é." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ìgbà náà ló tó rí àwọn tó jókòó ti òun. Ó bú sẹ́kún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù ààwẹ̀ lé, tínrín, òṣùpá kan náà tó bo oòrùn lánàá. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí mo gbọ́ gbì, gbì, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ́ ń wó amọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn láti ọ̀dọ̀ tiwa, ọkọ́ mìíràn sì ń wó o láti ọ̀dọ̀ tọ̀hún.

Ìyá ta gìrì lórí ẹní. "Ràbíátù! Ta ló tún ń jà?"

"Kò sẹ́ni tó ń jà, Ìyá," ni mo wí. Mo gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.