Ọjọ́ Tí Mo Ru Arẹwà-Òkun

Ẹ fara balẹ̀ kí n rọ́ àlá tó gbé mi títí ilẹ̀ fi mọ́ lónìí fún yín, ẹ má sì tíì máa rẹ́rìn-ín, nítorí ọrùn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń pariwo ìsinmi. Ó dáa, nínú àlá yìí, ìsinmi dé. Mo bá ara mi ní èbúté, mo wọ kóòtù ìgbéyàwó mi lé ṣòkòtò ìsùn, mo di tíkẹ́ẹ̀tì mú, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Arẹwà-Òkun. Ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì láyé ọjọ́un ni. Wọn á jẹun níbẹ̀, wọn á jó, wọn á sùn, wọn á tún jí jẹun.

Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó ni ọkọ̀ náà dà báyìí. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin. Ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ti ń ṣí, orúnkún rẹ̀ ti dípẹtà. Ó wé gèlè sí ihò èéfín rẹ̀, ó sì ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí o bá rí àgbà tó ru ẹrù, o gbọ́dọ̀ sọ pé, "Mama, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú." Àgbà náà á ní, "O ṣeun, ọmọ mi, mo ti fẹ́ délé." Wàá ní háà, ẹ ò bá jẹ́ n rù ú. Òun á ṣàdúrà fún ọ, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó gbé nǹkan kan lé mi lórí rí.

Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí Arẹwà-Òkun nìyẹn, tí mo ní, "Mama, ẹ jẹ́ n bá yín rù ú."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọlọ́run ló rán ọ. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọláìtán, bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká a ní òṣùká, ó gbé e lé mi ní àtàrí. Ni ìyá bá gun orí mi, tòun ti ẹgbẹ̀rin èèyàn àti ìrẹsì wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n tún já tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Mo wọ inú òkun lọ. Kò jìn, orúnkún ló mù mí dé.

"Níbo la máa gbà, Mama?"

"Máa lọ tààrà. Ọ̀sà kan wà lọ́hùn-ún tí kò ní ìgbì. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ sinmi sí. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jù mí sílẹ̀ o. Bí o bá jù mí, mo di àfọ́kù nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ọ̀gá Ọláìtán yọjú láti òkè. "Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ má tiro mọ́. Ọbẹ̀ ń dà sára àwọn èrò."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni mo dáhùn, mo sì ń rìn bí ìyàwó tuntun.

Kò pẹ́ tí ọ́fíìsì kan fi léfòó dé iwájú wa, tábìlì, fáìlì, fáànù, gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá kan jókòó síbẹ̀, ó ní òun ni alákòóso àwọn ọkọ̀ ogbó.

"Ọkọ̀ tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni," ó wí. "Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń fọ́ irin. Mo fẹ́ lu ìwé rẹ̀ lóǹtẹ̀ báyìí."

Inú mi bàjẹ́. A ò tíì mọra tó wákàtí kan, mo ti fẹ́ràn ìyá náà. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ má fi mí ṣe èyí, sà. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni mí. Èmi ò lè forí gbá àgbà."

"Ta ló bi ọ́ léèrè?" ni ọ̀gá jágbe.

Ìyá rẹ́rìn-ín lórí mi, ọrùn mi sì mì. "Ọ̀gá, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kàn mí ni mo ti ń ru ọmọ ọlọ́mọ, n ò já ẹnì kan sílẹ̀ rí. Ṣé èmi náà ló wá yẹ kí n ru igbá tèmi?"

Ọ̀gá lanu láti fèsì, "mẹ̀ẹ́" ló jáde. Ó ti di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, mo ti fura sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó fi fáìlì mẹ́ta tì í, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin. Ọ́fíìsì bá léfòó lọ. Òǹtẹ̀ ń juwọ́ sí wa, n ò mọ ibi tó ti rí ọwọ́.

Nígbà tó yá, a dé ọ̀sà. Omi ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ibí nìyí, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Sọ̀ mí."

Àṣé mo ti wọ gàù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ru ẹrù ńlá rí, ẹ mọ̀ pé èèyàn lè dá a rù, kò lè dá a sọ̀. Àfi kẹ́nì kan bá a dì í mú lápá kan. Mo pe ẹgbẹ̀rin èèyàn tó wà lórí mi. Wọ́n ní àwọn ń jẹun lọ́wọ́, ẹ wá jẹun.

Ni àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lórí omi, kíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Ẹ kú ẹrù o, Tíṣà!"

"O ṣeun, ọmọ mi. Wá bá mi sọ̀ ọ́."

"Á fúyẹ́ o, sà!" Ó kọjá.

Òmíràn kúnlẹ̀, ó ní n ò darúgbó rárá, ó kọjá. Adégòróyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi sì gbé e lọ tòun ti ìdọ̀bálẹ̀. Kò sí èyí tó rí mi fín nínú wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ìkíni, mo sì fún wọn ní máàkì. N ò kọ́ wọn ní ohun tó kàn lẹ́yìn ìkíni. Ojú tì mí gidi.

Ọrùn mi ń gbọ̀n. Òṣùká ń yọ̀.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ṣé o ò ní jù mí sílẹ̀?"

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́! Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀ ọ́!"

Ohùn mìíràn ń wí bákan náà mọ́ tèmi. Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ru basíà omi kànga, omi ń kán sí i léjìká. "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o," ó ń wí, bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.

Àràárọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi á sì dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "O kú iṣẹ́ o!" Òun á fara ti ògiri, á dá a sọ̀, ìdajì omi á dà sí i lára.

Mo fò dìde, n ò wá bàtà. Mo dì í mú lápá kan, òun náà dì í mú lápá kejì, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi ò ta sílẹ̀.

Àwẹ̀ró wò mí látòkè délẹ̀.

"Bàbá Ṣégilọlá," ó ní, "ta ló kú?"