Ojú Bàbá Igi

"Igi wo wá nìyí, Bàbá?"

Nọ́ọ̀sì kan tó wá fi ìsinmi rẹ̀ rìn nínú igbó ló béèrè. Bàbá Igi, ẹni tó ti ń mú àlejò gba ọ̀nà yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, sún mọ́ igi náà. Ó nawọ́, ó wá ara rẹ̀ títí ó fi kàn án. Ó fi èékánná họ èèpo rẹ̀, ó sì fi ìka méjì pa oje tó jáde.

"Ahùn ni," ó ní. "Oje rẹ̀ ló tú u fó. Ẹ wo ewé rẹ̀ bó ṣe tò yípo bí agbòòrùn."

Àwọn àlejò wòkè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó Bàbá Igi nìkan ni kò wo igi. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Aránṣọ ni, kì í sì í bá ọkọ rẹ̀ wá sínú igbó. Ó máa ń sọ pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń rán níbẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ ti da omi tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì ti kí ẹ̀wù oníbàárà tí wọ́n fi kọ́ ara ilẹ̀kùn pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Lójú ẹsẹ̀, aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ìgbà tó wá rò ó dáadáa ni ẹ̀rù bà á, ló bá tẹ̀ lé e wá. Níwájú, ọ̀nà yìí á di tóóró, á sì gba etí ọ̀gbun kọjá. Bí ẹni tó ṣíwájú kò bá ríran, ta ni yóò kó àwọn tó ń tẹ̀ lé e dé?

Wọ́n dé ibì kan tí òdòdó funfun bo ilẹ̀, tí òórùn dídùn gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá Igi bẹ̀rẹ̀, ó ṣa díẹ̀, ó gbé e símú, inú rẹ̀ dùn.

"Ìrẹ́! Igi tó wà níwájú mi yìí, ìrẹ́ ni. Ó ti ń tanná."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ó jọ pé ara ìtàkùn tó gun igi yẹn ni òdòdó yìí ti ń já bọ́."

Aránṣọ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò mọ orúkọ igi, ṣùgbọ́n ó mọ òfin tí ọkọ rẹ̀ kì í fi ṣeré: ènìyàn kì í fi òdòdó ilẹ̀ dárúkọ igi láìgbójú sókè. Kódà bí àwọn ará àdúgbò bá ń ṣòfófó, òfin yẹn ló fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò lè gbàgbé òfin náà láéláé. Kò gbójú sókè nítorí kò sí ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni.

"Ó ń dán yín wò ni!" aránṣọ pariwo. "Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ mumi díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn igi.

"Bàbá wọn, ìka mélòó ni mo nà sí yín yìí?"

"O purọ́ nítorí mi."

"Ìka ni mo béèrè."

"Ìyá wọn, mi ò rí ọwọ́ ọ̀hún gan-an, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ìka."

Inú bí aránṣọ, àánú ọkọ rẹ̀ sì tún ṣe é. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá. Dókítà ní ojú mi kò lè là mọ́. Tí mo bá sọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á ní kí n máa lọ sílé. Kí ni n ó máa ṣe nílé? Kí n máa kí ẹ̀wù?"

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lẹ́nu aránṣọ. "Ẹ mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mowó, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀ létí ọ̀gbun yẹn, tó ní kí ẹ fa òun, ọwọ́ wo lẹ máa rí dì mú?"

Bàbá Igi wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kàn, wọ́n sì jọ padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ìyàwó mi purọ́ fún yín torí ó fẹ́ràn mi. Mi ò dán ẹnikẹ́ni wò. Ojú mi ti lọ. A ò ní gba etí ọ̀gbun mọ́, ọ̀nà tí a bá wá la ó bá padà. Bí a bá dé, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún ọ̀gá. Àmọ́ bí ẹ bá rí ohun tó wù yín lọ́nà, ẹ júwe rẹ̀ fún mi. Orúkọ wọn kò tíì lọ."

Wọ́n kọjú sọ́nà ilé, nọ́ọ̀sì sì nàka síwájú. "Bàbá, igi kan rèé lọ́hùn-ún. Òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ó rí bí ife, gbogbo rẹ̀ kọjú sókè."

"Ọrúrù nìyẹn!" Ohùn rẹ̀ tún le. "Òmíràn?"

Báyìí ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń júwe, tí ó ń dárúkọ. Aránṣọ di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Lójijì, ó fi í sílẹ̀.

"Ìyá wọn? Kí lo rí?"

Obìnrin náà ti lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Òdòdó kan ni. Kò tó bọ́tìnnì. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti aṣọ ìgbéyàwó tó ti pẹ́ nínú àpótí. Etí rẹ̀ ká wọnú, àfi bíi pé wọ́n ká a tán, wọ́n gbàgbé láti rán an."

"Ewé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Mi ò tíì wò ó tán."

Àwọn àlejò ti ń lọ níwájú. Bàbá Igi dúró dè é.