Ọdún Tó Wà Lára Òkúta Mi

2.

…bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú òòlù àti irin ìgbẹ́kúta lọ sórí ibojì ara mi lọ́sàn-án gangan. Nebojša, ọmọ àbúrò mi, rí mi. Ó ya fọ́tò mi. Kò kí mi.

(Ìkínní ti sọ nù. Ẹ má wá a.)

3. LẸ́TÀ NEBOJŠA SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Radisav, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ń dá gbé ní abúlé Gornja Krušica. Ó ń gbẹ́ ibojì ara rẹ̀. Ó ń bu ọtí fún òkúta, ó sì ń bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ orí rẹ̀ wò. Bó bá ti dàrú, màá gbé e lọ sílé àwọn arúgbó, màá sì máa mójú tó ilé àti oko èso rẹ̀.

4.

Ẹ kíyè sí ibi tí lẹ́tà náà parí sí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

5. OHÙN TÍ WỌ́N GBÀ SÍLẸ̀

DÓKÍTÀ TIJANA: Bàbá, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sọ́kàn: kọ́kọ́rọ́, ẹṣin, ṣíbí. Màá bi yín tó bá yá.

ÈMI: Ó ti wọlé.

DÓKÍTÀ: Ọdún wo la wà yìí?

ÈMI: Nínú yàrá yìí ni, àbí lórí òkúta mi?

(Ó kọ nǹkan.)

DÓKÍTÀ: Ẹ máa ń ronú nípa ikú?

ÈMI: Lọ́jọ́ Sátidé.

DÓKÍTÀ: Ṣé ẹ ti ṣe ètò kankan?

ÈMI: Gbogbo ẹ̀ ti parí, ọmọ mi. Ó ku èmi nìkan.

6. OHUN TÍ Ó KỌ

Aṣọ mọ́. Ó ń wojú ẹni. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ọdún: kò dáhùn tààrà. Ètò láti kú: ó ní ó ti parí (!!). Kò gbọdọ̀ dá gbé?

7. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ ẸRÙ ÌSÌNKÚ MI NÍLÉ

Kóòtù dúdú.
Bàtà tuntun. Ó fún mi lẹ́sẹ̀, àmọ́ òkú kì í kérora.
Àbẹ́là.
Aṣọ ìnura, ẹ̀bùn àwọn tó máa gbé pósí mi.
Ìgò rakija kan, ọtí líle tí a fi èso ṣe. (Ó ti ṣófo. Mo kàn tọ́ ọ wò.)
Ṣíbí kan. Mi ò rántí ìdí rẹ̀.

8.

Mo rí i pé bírò ọmọbìnrin náà ti ń gbé mi lọ sílé arúgbó, ni mo bá rọra ṣàlàyé. Lọ́dún 1991, èmi àti Ljubinka ìyàwó mi ra òkúta kan fún àwa méjèèjì, bí gbogbo abúlé ti ń ṣe. Fọ́tò méjì, orúkọ méjì. Agbẹ́kúta gbẹ́ 19 sílẹ̀ de ikú wa, kí iṣẹ́ lè kù díẹ̀. Ta ló mọ̀ pé màá pẹ́ tó báyìí? Ljubinka lo tirẹ̀. Wò ó:

LJUBINKA 1940–1997
RADISAV 1938–19

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń bu rakija sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, màá sì mu ti ẹ̀gbẹ́ tèmi. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá máa ń bi mí ohun tó dá mi dúró.

9. OHÙN, ÌYÓKÙ

DÓKÍTÀ: Kí lẹ wá fẹ́ fi irin ṣe?

ÈMI: Kí n sọ 19 di 20. Ẹni tó fẹ́ kú, ṣé ó máa fi ọgọ́rùn-ún ọdún kún un?

(Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú kejì.)

DÓKÍTÀ: Kí ni ìtumọ̀ òwe yìí: ìkookò a máa pa irun dà, kì í pa ìwà dà?

ÈMI: Nebojša wà níta. Pè é wọlé, wàá rí ìtumọ̀ rẹ̀.

10. FÓÒNÙ RẸ̀, LÓRÍ TÁBÌLÌ (ojú mi kò fọ́)

TIJANA: Màámi, ṣé àwọn ará abúlé wa náà máa ń ra òkúta kí wọ́n tó kú?

ÌYÁ RẸ̀: Tèmi ti wà níbẹ̀ látìgbà tó o wọ yunifásítì.

ÌYÁ RẸ̀: Orúkọ tìẹ náà wà nísàlẹ̀.

ÌYÁ RẸ̀: Wọ́n ti gbẹ́ 20 sí i. Má pẹ́ jù.

11. FỌ́Ọ̀MÙ

Orúkọ: Radisav Stojkić
Ọdún ìbí: 1938
Ó lè dá gbé: ________

Bírò wà lórí ìwé. Fóònù ló ń wò.

12.

Kò tíì bi mí ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ fún un.

Kọ́kọ́rọ́.

Ẹṣin.

________