Ta Ló Ń Pa Iná Ẹja Mi?

Ìfura loògùn àgbà, mi ò sì fi tèmi ṣeré. Ẹnì kan nínú ilé mi ń fọwọ́ kan ẹja mi.

Ẹja pupa mẹ́fà ni, nínú àpótí gíláàsì tí mo gbé sí pálọ̀ wa ní Ìgàndó. Mo ra gílóòbù tó ń tàn sórí wọn, mo tún ra híítà tí wọ́n ń rì sínú omi, torí òyìnbó kan tí mo ń wò lórí fóònù sọ pé omi tútù ló ń pa ẹja. Yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ mi ò ka ìyẹn sí. Láàárọ̀, tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá tan méjèèjì sílẹ̀. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá bá wọn ní pípa, bẹ́ẹ̀ iná wà nínú ilé.

Ta ló kù? Ọmọ́wùnmí ìyàwó mi kò tíì lè dìde dáadáa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ wa jáde. Ìkókó kò lè tẹ súwíìsì. Ó wá ku màmá ìyàwó mi, tó wá ń bá wa wẹ ọmọ. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì máa ń ríran. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n wo ẹja yẹn títí, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí ń mí hẹlẹ." Ọjọ́ yẹn gan-an lara ti fu mí.

Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ súwíìsì mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó ní, "Torí ẹja lásán? Ṣebí màmá mi ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn." Síbẹ̀, mò ń ṣọ́ wọn. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí mi, màá ní lọ́kàn mi pé ẹni tó fẹ̀jẹ̀ sínú tó ń tutọ́ funfun nìyí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tètè dé. Mo bá wọn nídìí ẹja, ọwọ́ wọn wà nínú omi dé ìgúnpá.

"Màmá, kí lẹja ṣe yín? Àbí wọ́n fi hàn yín lójú ìran pé àjẹ́ ni wọ́n?"

Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́. "Ohun tí o rò nípa mi nìyẹn, Olúgbénga?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n má wọ pálọ̀ mi mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù, wọ́n padà sí Òkè-Odò. Ọmọ́wùnmí ń sunkún, ó gbé ọmọ dání. "Ta ló máa bá mi wẹ̀ ẹ́ báyìí?" Mo ní a ó wẹ̀ ẹ́. Mo tan gílóòbù, mo tan híítà, mo ti pálọ̀ pa, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti léfòó. Mo ki ọwọ́ bọ omi láti kó wọn, mo sì yára fà á yọ. Ó ti gbóná jù.

Mo pe màmá. Ojú tì mí púpọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"O bi mí bóyá àjẹ́ lẹja. O ò bi mí ìdí tí mo fi ń paná. Tó bá ti gbóná tó omi ìwẹ̀ ìkókó ni mo máa ń pa á."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n pa fóònù.

Ọmọ́wùnmí pè mí láti yàrá pé kí n wá fọwọ́ kan omi ọmọ, bóyá ó ti tó tàbí ó ti gbóná jù. Mo ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. Mi ò mọ̀.