Bàálù Tí Kò Lè Gbé Wa Padà

Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní ò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́fun. Bàbá mi, ọdẹ tó kú nílé nígbà tí mo wà níbí ní Kánádà, ló wá bá mi. A fẹ́ wọ bàálù kékeré lọ pa karibú, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín. Orí ibùsùn ìyá mi la to ẹrù sí: ìbọn, àgọ́, gaàrí. Awakọ̀ bàálù wọn ẹrù, ó wọn àwa náà. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lè lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa ẹran, ẹrù á wúwo jù, ẹnì kan ò ní bá mi padà."

Bàbá mi ló kọ́ mi pé kí ọdẹ ka èèyàn kó tó ka ẹran. Síbẹ̀ ó ní, "Gbé ẹran lọ fáwọn ọmọ rẹ."

Ká tó ṣẹ́jú, ẹran ti kú, bàbá mi sì jókòó sórí yìnyín láìwọ bàtà.

Jọ̀ọ́, má túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Mo gbé ẹran wọ bàálù, mi ò bẹ awakọ̀, mi ò sì wẹ̀yìn. Nígbà tí mo jí, ẹnu mi ṣì ń ka itan ẹran: ọ̀kan, èjì.